Ọkọ̀ Afọ́yìnyín Lenin: Iṣẹ́ Tó Ṣe àti Ohun Tí Wọ́n Fi Pamọ́

Èmi ni ẹ̀kọ́ oṣù yìí kàn. Ẹni tó bá ti ń ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa bọ̀ á mọ̀ pé oríkì, òwe, àlọ́ àti ìtàn ìlú ló sábà máa ń wà níbí, gbogbo rẹ̀ ló sì dára. Ṣùgbọ́n ọmọ sáyẹ́ǹsì ni mí. Ó máa ń ká mi lára tí àwọn ọmọ kíláàsì mi, títí kan àwọn tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, bá ní èdè wa ò ṣeé fi kọ́ èèyàn ní físíìsì. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ọkọ̀ ojú omi kan tó ń fi agbára átọ́ọ̀mù fọ́ yìnyín ni mo mú. Lenin ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Sófíẹ́tì, èyí tí Rọ́ṣíà jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà, ló kàn án. Ó ṣiṣẹ́ fún ọdún 30. Ìjọba tó ni ín fi han gbogbo ayé nígbà tó dára, wọ́n sì pa ẹnu mọ́ nígbà tó bàjẹ́. Apá méjèèjì ni mo fẹ́ sọ.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ mélòó kan. Ohun tí wọ́n ń tà fún wa nínú ọ̀rá, tí a ń pè ní áìsì, omi dídì làwọn àgbà ń pè é. Yìnyín ni èyí tó máa ń já bọ́ pẹ̀lú òjò, tó ń ró gbàgbàgbà lórí páànù. Nígbà tí mo ń múra ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀, àwọn kan ní omi dídì ni kí n máa lò. Èmi yan yìnyín, torí pé ó kúrú, ó sì rọrùn láti so mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. A ní apẹja, a ní agbẹ́gilére, kí ló dé tí a ò ní ní afọ́yìnyín? Ọ̀rọ̀ kejì ni ibi tí iná átọ́ọ̀mù ń gbé jó nínú ọkọ̀, tí ìwé físíìsì wa ń pè ní reactor. Ààrò átọ́ọ̀mù ni mo pè é, torí pé iṣẹ́ ààrò náà ló ń ṣe: ooru ló ń mú jáde. Irin tó ń yí lábẹ́ omi ní ìdí ọkọ̀, tó ń tì í lọ síwájú, mo pè é ní abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dára jù, kó kọ ọ́ fún olóòtú wa.

Ibi tí a ti nílò irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀

Ẹ mú máàpù ayé. Ẹ wo etí òkun Rọ́ṣíà ní àríwá, láti ìlú Murmansk ní ìwọ̀ oòrùn títí dé ibi tí Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra ní ìlà oòrùn. Ó ju kìlómítà 5,000 lọ. Òkun Arctic ni omi ibẹ̀. Àwọn odò ńláńlá ilẹ̀ Sàìbéríà, bíi Ob, Yenisei àti Lena, inú òkun yẹn ni wọ́n ń ṣàn sí. Ọ̀nà mọ́tò àti rélùwéè kò pọ̀ níbẹ̀ rárá, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé oúnjẹ, epo àti irinṣẹ́ lọ fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀, òun náà ló sì ń gbé pákó àti irin tí wọ́n wà jáde.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé òkun náà ń dì. Ọyẹ́ tó ń mú wa níhìn-ín, tí a fi ń wá bí a ṣe máa yẹ ìwẹ̀ àárọ̀ sílẹ̀, ọmọdé ni lójú òtútù ibẹ̀. Nígbà òtútù ó máa ń sọ̀kalẹ̀ kọjá ìwọ̀n 40 sábẹ́ òdo láwọn apá ibì kan. Ojú omi á le bí ilẹ̀, èèyàn á lè rìn lórí rẹ̀, kódà bàálù lè balẹ̀ síbẹ̀. Láyé àtijọ́, nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta péré nínú ọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ni ọkọ̀ máa ń ráàyè kọjá. Ọkọ̀ tí òtútù bá ká mọ́ àárín ọ̀nà, ibẹ̀ náà ló máa wà títí ọdún á fi yí po, bí yìnyín ò bá tẹ̀ ẹ́ fọ́ kí ó tó dìgbà náà. Murmansk nìkan ló yàtọ̀ díẹ̀. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ń ti Òkun Àtìláńtíìkì wá kì í jẹ́ kí èbúté rẹ̀ dì, ìdí nìyẹn tí àwọn afọ́yìnyín fi fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni ọkọ̀ ń fi imú la yìnyín bí ọ̀bẹ ṣe ń la iṣu. Rárá o. Wọ́n dá imú rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, bíi ṣíbí tí a dojú rẹ̀ dé. Tí ọkọ̀ bá sáré débi tí yìnyín wà, ńṣe ni imú yẹn á gun orí yìnyín lọ. Iwájú ọkọ̀ á gbéra sókè, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á wá bọ́ sórí yìnyín, yìnyín á sì wó lulẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìwúwo ló ń fọ́ ọ, kì í ṣe mímú. Tí èyí tó wà níwájú bá ti nípọn jù, ọ̀gá ọkọ̀ á fà sẹ́yìn, á tún sáré gun ún, á tún fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni á máa ṣe títí ọ̀nà á fi là. Bí ọkọ̀ náà bá há, àwọn táńkì omi wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Wọ́n á máa fi pọ́ǹpù da omi láti táńkì kan sí èkejì, ọkọ̀ á máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí á fi já ara rẹ̀ gbà. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Bí a ṣe ń mi èèpo igi kí ó tó fà tu náà ni.

Àwọn ọkọ̀ tó kó ẹrù á wá máa tẹ̀ lé afọ́yìnyín lẹ́yìn, ní ọ̀wọ́, kí ọ̀nà tó là tó padà dì.

Afọ́yìnyín ti wà ṣáájú Lenin. Àgbà wọn ni Yermak, tí ọ̀gágun ojú omi Stepan Makarov ní kí wọ́n kàn, tí wọ́n sì kàn ní Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1898. Èédú ló ń jó. Níbi èédú yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Fífọ́ yìnyín ń jẹ agbára lọ́nà tó bani lẹ́rù. Ọkọ̀ tó bá ń jó èédú tàbí díísù gbọ́dọ̀ ru epo rẹ̀ sí inú, epo yẹn á sì tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó di dandan kí ó fi àwọn tó ń ṣamọ̀nà fún sílẹ̀ lọ wá epo. Ìyẹn dà bí ìgbà tí ẹni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣáájú yín nínú òkùnkùn bá ní kí ẹ dúró, òun ń lọ ra bátìrì.

Ààrò tí kì í tètè tán

Lọ́dún 1953, ìjọba Sófíẹ́tì pinnu pé àwọn á kan afọ́yìnyín tó ń lo átọ́ọ̀mù. Ọ̀gbẹ́ni Vasily Neganov ló ṣe olórí àwọn tó ya àwòrán ọkọ̀ náà, Igor Afrikantov ló ṣe olórí àwọn tó ṣe ààrò rẹ̀, Anatoly Alexandrov sì ni olórí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún iṣẹ́ náà. Ìlú Leningrad, tó ń jẹ́ St. Petersburg lónìí, ni wọ́n ti kàn án. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1956, wọ́n sì tì í sínú omi ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1957. Oṣù méjì ṣáájú ni Sófíẹ́tì kan náà ju Sputnik sí ojú ọ̀run, ẹ mọ̀ pé orí wọn wú nígbà yẹn.

Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 134. Ó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ìwúwo rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 16,000, bíi tírélà tó ju 500 lọ tí ìkọ̀ọ̀kan wọn wọn tọ́ọ̀nù 30. Abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ló wà ní ìdí rẹ̀, èyí tó wà láàárín ló lágbára jù. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 44,000. Wọ́n ṣe yàrá ìkàwé, sinimá, ilé ìwòsàn àti yàrá orin tó ní dùùrù sínú rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ju 200 lọ, nítorí pé wọ́n lè má fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwa tí a ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún èèyàn.

Ó ya, físíìsì dé. Yuréníọ̀mù ni igi ìdáná inú ààrò átọ́ọ̀mù. Tí nútrọ́ọ̀nù kan bá kọlu kókó inú átọ́ọ̀mù yuréníọ̀mù, kókó náà á là sí méjì, ooru á jáde, nútrọ́ọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta mìíràn á sì fò jáde pẹ̀lú. Àwọn yẹn náà á lọ kọlu kókó míì, bẹ́ẹ̀ ni á máa lọ. Kí iná náà má baà ya wèrè, wọ́n ní àwọn ọ̀pá kan tó ń gbé nútrọ́ọ̀nù mì. Tí wọ́n bá ti ọ̀pá wọlé, iná á rọlẹ̀. Tí wọ́n bá fà á jáde díẹ̀, iná á ràn. Omi ń yí po nínú ààrò náà, wọ́n sì fún un pa débi pé kì í hó bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbóná gan-an. Omi gbígbóná yìí á gba inú páìpù kọjá lára omi kejì, á fi ooru rẹ̀ lé e lọ́wọ́, omi kejì ni yóò hó. Oru omi tó jáde níbẹ̀ á yí tọ́báìnì, tọ́báìnì á yí jẹnẹrétọ̀, iná mànàmáná á jáde, iná yẹn á sì yí abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀. Ẹ rí i pé átọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kò ti ọkọ̀ kankan. Omi ló ń sè.

Kí ni èrè rẹ̀? Ooru tó wà nínú gíráàmù 1 yuréníọ̀mù irú èyí tó ń là, bí gbogbo rẹ̀ bá là tán, tó ti nǹkan bíi tọ́ọ̀nù epo 2. Gíráàmù 1 o! Ìyẹn kò tó iyọ̀ tí ìyá mi ń fi sí ọbẹ̀. Ọkọ̀ tó ru irú epo bẹ́ẹ̀ kò ní máa sáré padà sílé nígbà gbogbo. Oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ tán.

Ṣùgbọ́n ẹ di ohun kan mú, torí a máa tó nílò rẹ̀. Tí ẹ bá da omi pa iná igi, tí ọwọ́ iná ti lọ, ẹ jẹ́ fi ọwọ́ kan ẹyin iná tó wà nísàlẹ̀? Ààrò átọ́ọ̀mù náà nìyẹn. Bí wọ́n bá ti gbogbo ọ̀pá wọlé, tí wọ́n ní àwọn ti pa á, àwọn ègé átọ́ọ̀mù tó ti là sílẹ̀ ṣì ń mú ooru jáde fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Omi gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀

Oṣù Kejìlá ọdún 1959 ni Lenin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú gbogbo ọkọ̀ tó ń rìn lójú omi ní ayé, òun ló kọ́kọ́ lo átọ́ọ̀mù. Mo ní lójú omi, torí pé Amẹ́ríkà ti ní Nautilus, ọkọ̀ ogun tó ń rìn lábẹ́ omi, ṣáájú. Ti ogun ni ìyẹn. Iṣẹ́ ìlú ni wọ́n ṣe Lenin fún. Wọn ò tíì kàn án tán tí àwọn àlejò ti ń wá wò ó. Richard Nixon, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, wọ inú rẹ̀ lọ́dún 1959. Fidel Castro ti Kúbà náà wá wò ó ní Murmansk lọ́dún 1963.

Pavel Ponomarev ni ọ̀gá ọkọ̀ náà àkọ́kọ́. Boris Sokolov gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1961, Lenin gbé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ sórí pápá yìnyín tó ń léfòó lójú òkun, wọ́n pa àgọ́ tí wọ́n ń pè ní North Pole-10 síbẹ̀, kí wọ́n máa fi ṣèwádìí bí yìnyín àti ojú ọjọ́ ṣe ń rìn. Bàálù ni wọ́n fi máa ń gbé irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe jù lọ kò lókìkí rárá: ó ń ṣáájú, àwọn ọkọ̀ ẹrù ń tẹ̀ lé e. Ní gbogbo ayé rẹ̀, ó ṣamọ̀nà fún ọkọ̀ tó ju 3,700 lọ, ó sì rìn ju máìlì òkun 650,000. Bí a bá fi wé yíyí ayé po, ó ju ìgbà 30 lọ, inú yìnyín sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1965

Ààrò átọ́ọ̀mù mẹ́ta ló wà nínú Lenin níbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1965, wọ́n pa wọ́n kí wọ́n lè tún wọn ṣe, kí wọ́n sì pààrọ̀ epo yuréníọ̀mù inú wọn. Nínú ààrò kejì, wọ́n da omi tó ń tù ú lójú nù kí wọ́n tó kó yuréníọ̀mù tó ti jó kúrò nínú rẹ̀. Ẹ rántí ẹyin iná. Kò sí omi mọ́, ooru sì ṣì ń jáde. Àwọn ọ̀pá yuréníọ̀mù gbóná kọjá ààlà, àwọn kan yọ́, àwọn kan wọ́, àwọn kan lẹ̀ mọ́ inú ààrò débi pé wọn ò ṣeé fà jáde mọ́. Ìtànṣán olóró sì wà lára gbogbo rẹ̀.

Lọ́dún 1967, òmíràn tún ṣẹlẹ̀. Páìpù omi ààrò kan ń jò. Kí wọ́n lè rí ibi tó ti ń jò, wọ́n ní láti fọ́ ògiri kọnkéré àti irin tí wọ́n fi bo ààrò náà kí ìtànṣán má baà jáde. Òòlù ńlá ni wọ́n fi fọ́ ọ. Ìgbà tí wọ́n máa fọ́ ọ tán, wọ́n ti ba àwọn nǹkan mìíràn jẹ́ tí kò ní àtúnṣe. Wọ́n wá pinnu pé gbogbo yàrá ààrò náà pátá ni àwọn máa yọ dànù.

Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ nìyí. Wọ́n fa ọkọ̀ náà lọ sí ìyawọ̀ omi kan tó ń jẹ́ Tsivolki, ní etí erékùṣù Novaya Zemlya, ní inú Òkun Arctic kan náà. Wọ́n gé ìdí yàrá yẹn, wọ́n sì jẹ́ kí ó já bọ́ láti abẹ́ ọkọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ omi. Wọ́n di lára yuréníọ̀mù tó bàjẹ́ sínú àpótí, wọ́n sì ju ìyẹn náà sínú omi níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ di òní.

Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n fi tayọ̀tayọ̀ mú Nixon káàkiri inú ọkọ̀ kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ nígbà tí ọkọ̀ náà kò sí lójú òkun fún ọdún bíi mẹ́ta. Ọdún 1993, lẹ́yìn tí ilẹ̀ Sófíẹ́tì ti tú ká, ni ìgbìmọ̀ kan tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Alexei Yablokov jẹ́ alága rẹ̀ gbé ìròyìn jáde lórí gbogbo ohun olóró tí wọ́n ti dà sínú òkun. Ibẹ̀ ni ìjọba Rọ́ṣíà ti jẹ́wọ́ ti Lenin mọ́ ọ̀pọ̀ mìíràn.

Èrò tèmi ni pé jàǹbá náà kọ́ ni ó burú jù níbẹ̀. Ohun tuntun ni wọ́n ń ṣe, kò sẹ́ni tó ṣe é rí, àṣìṣe lè wọ̀ ọ́. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn apẹja Norway ń pẹja ní òkun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, fún ọdún tó ju 25 lọ, tí ẹnikẹ́ni ò fi tó wọn létí. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa bá mi jiyàn pé ìjọba wo ló máa ń sọ irú ẹ̀ lásìkò òtútù àárín Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́tì, pé bí Amẹ́ríkà náà bá bọ́ sí irú ipò bẹ́ẹ̀, á fi pamọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, omi ò mọ ààlà ilẹ̀.

Ìgbà kejì

Lenin padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 1970. Ààrò méjì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní OK-900, ni wọ́n fi rọ́pò mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ nínú ti àkọ́kọ́ hàn nínú ti kejì: ó rọrùn láti tún ṣe, kò sì fún wọn ní wàhálà bíi ti ìṣáájú. Irú ààrò yẹn kan náà, lẹ́yìn àtúnṣe díẹ̀, ni wọ́n fi sínú àbúrò rẹ̀ tó ń jẹ́ Arktika, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1975 pẹ̀lú agbára ẹṣin 75,000.

Mi ò lè kọ nípa Lenin kí n má mẹ́nu kan Arktika. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 1977, lábẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ Yuri Kuchiev, ó dé ṣóńṣó àríwá ayé gan-an. Àwọn kan ti fi bàálù débẹ̀, ọkọ̀ abẹ́ omi náà ti débẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tó rìn lójú omi débẹ̀ rí. Ìyìnyín tó fọ́ lọ́nà nípọn ju mítà 2 lọ níbòmíràn. Ọmọkùnrin tó ga jù ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa kò tó o.

Fún àwọn ará Sàìbéríà, mo rò pé èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni ohun tó tẹ̀ lé e. Láti nǹkan bí ọdún 1978 sí 1979, àwọn afọ́yìnyín átọ́ọ̀mù wọ̀nyí jẹ́ kí ọkọ̀ lè máa lọ sí èbúté Dudinka lórí odò Yenisei láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Ibẹ̀ ni nickel tí wọ́n ń wà ní Norilsk ń gbà jáde. Ọ̀nà tó máa ń ṣí fún oṣù méjì sí mẹ́ta di ọ̀nà gbogbo ọdún. Lọ́dún 1983 pẹ̀lú, yìnyín dé kíákíá ju bí wọ́n ti rò lọ ní ìpẹ̀kun ìlà oòrùn, ó sì ká ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ẹrù mọ́. Ọ̀kan nínú wọn, Nina Sagaydak, fọ́, ó sì rì, ṣùgbọ́n wọ́n yọ àwọn èèyàn inú rẹ̀. Àwọn afọ́yìnyín átọ́ọ̀mù wà lára àwọn tó lọ tú àwọn yòókù sílẹ̀.

Ẹnì kan bi mí bóyá irú ọkọ̀ yìí lè wá sí Èkó. Arktika àti àwọn tó jọ ọ́ kò lè wá. Omi òkun tútù ni wọ́n fi ń tu ẹ́ńjìnnì wọn lójú, omi tiwa sì ti lọ́ jù fún wọn. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í lè kọjá lọ sí ìpẹ̀kun gúúsù ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yìnyín pọ̀ níbẹ̀ ju ti àríwá lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹrù kan tó ń lo átọ́ọ̀mù, Sevmorput, ti gba iwájú ilé wa kọjá. Lọ́dún 2020 ó gba etí òkun Áfíríkà, ó ń ru ẹrù lọ sí ìpẹ̀kun gúúsù. Ìgbà tó dé itòsí Àǹgólà, abẹ̀bẹ̀ ìdí rẹ̀ bàjẹ́, ó sì ní láti yíjú padà sí Rọ́ṣíà.

Ọdún 1989 ni wọ́n dá Lenin dúró. Kì í ṣe ààrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́. Irin ara rẹ̀ ni yìnyín ti ha, tó ti ha, fún ọdún 30, tó fi di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n kó yuréníọ̀mù inú rẹ̀ kúrò. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti so ó mọ́ èbúté Murmansk, ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń wọlé lọ wo yàrá orin rẹ̀ àti ibi tí ọ̀gá ọkọ̀ ń dúró sí. Rọ́ṣíà nìkan ló ṣì ní afọ́yìnyín átọ́ọ̀mù ní ayé. Wọ́n tún ti kan àwọn tuntun, èyí àkọ́kọ́ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2020, orúkọ Arktika àtijọ́ ni wọ́n sì tún sọ ọ́.

Iṣẹ́ àṣetiléwá fún ìpàdé tó ń bọ̀: ẹ̀yin JSS, ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé, láìwo ìwé yìí, ìdí tí imú afọ́yìnyín fi dagẹ̀rẹ̀. Ẹ lè fi ṣíbí àti bèbè omi dídì kan dán an wò tí ilé ìdáná bá gbà fún yín. Ẹ̀yin SS, ẹ wá orúkọ Yorùbá fún tọ́báìnì, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi yàn án. Ẹ má mú "ẹ̀rọ ayí-bírí-bírí" wá o, mo ti gbọ́ ìyẹn.